Ẹ̀yìn rivet ni kí ẹ wò

Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé mo máa kọ ọ́. Ojú ló ń tì mí.

Iṣẹ́ alumíníọ̀mù ni mo ń ṣe, ní Lotto. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn mọ ibẹ̀. Ẹ ti fi Ibafo sílẹ̀, ẹ ò tíì dé Mowe, àwọn tírélà ti tò sí ẹ̀gbẹ́ títì bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Ṣọ́ọ̀bù wa wà nínú lọ́hùn-ún, lójú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Wíńdò là ń ṣe jù, àti ilẹ̀kùn, àti kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná fún ẹni tó bá lówó díẹ̀. Alẹ́ tí iṣẹ́ bá ti tán ni mo máa ń kọ nǹkan síbí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò tó èékánná. Rivet ni.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, rivet pin là ń pè é. Ó dà bí ìṣó tó wọ ṣòkòtò. Ẹ máa lu ihò, ẹ máa ti ṣòkòtò yẹn wọ inú rẹ̀, ẹ máa fi gun fa ìṣó náà. Bí ìṣó ṣe ń bọ̀ ni orí rẹ̀ á máa mú kí ìdí ṣòkòtò yẹn wú lẹ́yìn lọ́hùn-ún, níbi tí ojú yín ò tó, títí ìṣó á fi já. Pọ́! Irin méjì ti di ọ̀kan. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Tí kọ́sítọ́mà bá wá, ó máa béèrè nípa gíláàsì, ó máa béèrè nípa àwọ̀, ó máa bá wa jà lórí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí ẹnì kan tó bi mí pé rivet wo ni mo lò.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn a gba iṣẹ́ wíńdò ilé alájà méjì kan. Kásímẹ́ǹtì ni, èyí tó máa ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló máa ń gbé irú wíńdò bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, rivet la sì fi ń so irin yẹn mọ́ férémù. Ihò tí mo ti lù sílẹ̀ jẹ́ ti rivet 4.8 mm. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, rivet 4.8 tán nínú páálí. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi jẹ́ ti 4 mm, ti alumíníọ̀mù lásán, ó sì kúrú. Ẹni tó ń tà á ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀gá ti ní a gbọ́dọ̀ parí lọ́jọ́ yẹn nítorí owó tó kù.

Mo fi 4 sínú ihò 4.8. Mo fà á. Ó dún pọ́, bí ti gbogbo ìgbà. Orí rẹ̀ bo ihò dáadáa. Ẹ bá dúró síwájú rẹ̀ tòun ti awò ojú yín, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ìjì kan jà kí òjò tó rọ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé yẹn sáré jáde láti kó aṣọ lórí okùn. Wíńdò òkè já. Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Férémù bà á léjìká, eegun rẹ̀ dá, gíláàsì sì ya á lápá. Orí ló yọ ọ́ tí kò bà á lórí.

Wọ́n pè wá. Mo gòkè lọ wò ó kí ẹnikẹ́ni tó wò ó. Gbogbo rivet mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìsàlẹ̀ ti yọ gbùnrín-gbùnrín, ìdí wọn kò tíì wú tán, bí ẹ̀wà tí kò jiná. Mo kó wọn sápò. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ní, "Ìjì ni."

Ọ̀gá náà ní ìjì ni. Onílé ní ìjì ọdún yìí le. Ìyá ọmọ náà pàápàá ní ìjì ni, ó ní ká bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. A dá owó ìtọ́jú, ọ̀rọ̀ tán. Àwọn rivet yẹn wà nínú ápótí irinṣẹ́ mi títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò níbẹ̀ ná.

Bàbá kan ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa, nínú ilé tí kò tíì lẹ́ fìníṣíǹgì. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ó ń kan nǹkan nínú pálọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní táǹkì omi ni. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní pósí ara rẹ̀ ni, pé àgbà tó gbọ́n ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún ra kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ lọ́wọ́ fọ́kanáísà kan tó ń kó lọ, bó bá ti tan án, ọ̀nà gbogbo á máa mì tìtì, àwọn ọlọ́kadà á wá bá a pé kó bá àwọn gé táyà.

Lọ́jọ́ kan bàbá wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ó kí ọ̀gá, ó ní, "Ta ni nínú àwọn ọmọ yín ni ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n?" Ọ̀gá nawọ́ sí mi. Bí mo ṣe dé ìdí bàálù nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni, bàálù. Ìrù bàálù ló wà nínú pálọ̀ yẹn, ó dùbúlẹ̀ lórí tábìlì gígùn, ó ń dán bíi ẹja.

Ó kù díẹ̀ kí n rẹ́rìn-ín. Bàbá rí i lójú mi. Ó ní òun ti wà ní iṣẹ́ ológun òfurufú ní Kàdúná, nídìí ara bàálù, nígbà tí wọ́n ń kan Air Beetle. Mi ò gbọ́ ọ rí. Mo délé, mo wá a lórí fóònù. Òótọ́ ni. Nàìjíríà ti kan bàálù rí. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní AIEP ní Kàdúná mú bàálù alálẹ̀pọ̀ kan tí ará Amẹ́ríkà kan, Richard VanGrunsven, ṣètò rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kan án nínú gáràjì ilé rẹ̀, RV-6A lorúkọ rẹ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sọ ọ́ di bàálù tí àwọn ọmọ ológun òfurufú fi ń kọ́ṣẹ́. Èèyàn méjì ló ń jókòó sínú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Alumíníọ̀mù ni, rivet ló sì so ó pọ̀ láti imú dé ìrù.

Èyí tó wà ní pálọ̀ yìí jẹ́ àbúrò rẹ̀, RV-7. Wọn kì í tà á lódindi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa kọ́kọ́ ra ìrù, lẹ́yìn náà apá, lẹ́yìn náà ara, bí owó bá ṣe ń wọlé. Ọmọ bàbá tó wà ní Amẹ́ríkà rí ẹnì kan tó ti ra ìrù tó sì sú u, ìyàwó onítọ̀hún fẹ́ gáràjì rẹ̀ padà. Ó rà á ní owó pọ́ọ́kú, ó fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nínú kọ̀ńténà, láàárín àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀. Bàbá ní, "Ó rò pé kí ó má baà sú mi ní ilé ni. Kò mọ̀ pé ó ti ra wàhálà fún mi."

Ó nílò ẹnì kejì nítorí rivet tirẹ̀ kì í ṣe irú tèmi. Kò ní ìṣó nínú. Odindi irin ni, orí ní apá kan, ìdí gbọọrọ ní apá kejì. Ẹnì kan á fi gun tó ń lo afẹ́fẹ́ lu orí rẹ̀ níwájú, tatatata, ẹnì kejì á fi irin wúwo kan dí i lẹ́yìn. Láàárín gun àti irin yẹn ni ìdí gbọọrọ á ti tẹ̀, á fẹ̀, á di orí kejì. Bàbá ló wà níwájú. Èmi ni mo wà lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìrù yẹn. Ṣíṣà ni mo ń ṣà. Àpò tí wọ́n kó rivet sí ti ya nínú kọ̀ńténà, wọ́n sì ti dà pọ̀ mọ́ ti bàbá tàtijọ́ nínú agolo Bournvita. Ó dà wọ́n sórí fèrè tí wọ́n fi ń ṣa ẹ̀wà, ó ní kí n máa ṣà wọ́n.

Ẹ wò ó, orí ni ẹ máa wò. Èyí tó bá ní ihò kékeré láàárín orí, bí ibi tí wọ́n fi ẹnu abẹ́rẹ́ tẹ̀, AD ni, òun ni irin tí wọ́n pò fún iṣẹ́ bàálù. Èyí tí orí rẹ̀ dán bọ̀rọ́, tí kò ní àmì kankan, alumíníọ̀mù lásán ni, ó rọ̀, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi tó ń gbé ẹrù. Èyí tó bá ní ìlà kékeré méjì tó yọ sókè, DD ni, òun le ju AD lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi iná ṣe DD tán, inú yìnyín ni wọ́n ń fi pamọ́ sí, torí tó bá ti jókòó nínú ooru, ó máa le débi pé ẹ ò ní lè lù ú mọ́. Mo ní, "Bàbá, ní Lotto yìí kẹ̀? Pẹ̀lú iná wa?" Ó ní ìdí tí òun fi ní kí n yọ wọ́n sọ́tọ̀ nìyẹn.

Mo wò àwọn rivet inú agolo náà, mo ronú nípa páálí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa. Kò sí àmì lára tiwa. Ohun tí ẹni tó tà á bá sọ la gbà.

Lẹ́yìn orí, nọ́ńbà. Ẹ máa rí AN470AD4-5 lára àwòrán ìkọ́lé náà. Ó jọ nọ́ńbà mọ́tò, àmọ́ gbólóhùn ni. AN470 ni rivet olórí roboto. 426 ni èyí tí orí rẹ̀ máa ń jókòó pẹrẹsẹ mọ́ awọ bàálù kí afẹ́fẹ́ lè kọjá lórí rẹ̀ geere. 4 ni bó ṣe sanra tó: pín ínṣì kan sí ọ̀nà 32, mú mẹ́rin, ó jẹ́ nǹkan bí 3.2 mm. 5 ni bó ṣe gùn tó: pín ínṣì kan sí 16, mú márùn-ún. Ta ló ń yan gígùn yẹn? Ẹ̀yin ni. Àwòrán á sọ tirẹ̀, àmọ́ ẹ máa ti rivet bọ ihò, kí ẹ wo ohun tó yọ lẹ́yìn. Ó yẹ kó tó ìsanra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan àti ààbọ̀. Tó bá gùn jù, ó máa wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó mutí. Tó bá kúrú jù, orí ẹ̀yìn ò ní tó.

Kúrú jù. Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára mi lọ́jọ́ tí bàbá sọ ọ́.

Nípa ihò, mi ò lè sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ihò rivet 4 kò gbọ́dọ̀ fi bẹ́ẹ̀ ju rivet lọ, ìyàtọ̀ wọn kò tó ìdá mẹ́wàá mm kan. Ẹ máa fi ọwọ́ yí bíìtì kan ní etí ihò láti gé ìdọ̀tí irin tó yọ, níwájú àti lẹ́yìn, torí ibi tí irin bá ti rí págunpàgun ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí sán. Kí àárín ihò sì jìnnà sí etí páànù ní ìlọ́po méjì ìsanra rivet, ó kéré tán. Bàbá ní nígbà tàwọn ní Kàdúná, ọ̀pọ̀ ihò ni àwọn fọwọ́ wọ̀n, àwọn fọwọ́ lù ú. Ti ìsinsìnyí, ilé iṣẹ́ ti lu ihò síbẹ̀. Àmọ́ ìyẹn náà ní tirẹ̀. Ní 2023 ilé iṣẹ́ VanGrunsven yẹn, Van's Aircraft, kó sí wàhálà torí pé iná léṣà ni wọ́n fi gé ihò lára àwọn páànù kan. Nígbà tí àwọn tó ń kan bàálù nílé tẹ etí ihò náà wọlẹ̀ kí orí rivet lè jókòó, àwọn kan rí i pé ó ń sán. Kí ọdún yẹn tó parí, ilé iṣẹ́ náà ti wà ní kóòtù, ó ń wá ààbò lọ́dọ̀ àwọn tó jẹ ní gbèsè. Ti bàbá ti jáde kí ọ̀rọ̀ léṣà tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ ó fi awò ńlá yẹ gbogbo ihò wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì fún un títí apá fi ń ro mí.

Kí ẹ má rò pé mo ń bú rivet pin wa o. Zenith CH 701 tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan kàn ní pápákọ̀ Kpong ní Ghana, rivet tí wọ́n ń fà ló so ó pọ̀, ó sì fò. Ti wọn ní orúkọ, ó ní ìwọ̀n, wọ́n sì fi sínú ihò tó bá a mu. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta dé, bàbá jẹ́ kí n gbá irin mú. Mo ti bà rivet tó pọ̀ jẹ́ lórí àjákù páànù kí n tó mọ̀ ọ́n. Orí ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ìsanra lẹ́ẹ̀kan àti ààbọ̀, kó ga tó ìdajì. Ti rivet 3.2, ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ̀ tó 4.8. Nọ́ńbà yẹn náà kọ́. Tí ẹ bá lù ú jù, irin náà á le, á sán. Tí ẹ bá jẹ́ kí irin ọwọ́ yín yẹ̀ díẹ̀, orí á tẹ̀ sápá kan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni bàbá sọ ìtàn bàálù Japan Airlines fún mi. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1985, ó gbéra ní Tókíò, ó ń lọ Ọ̀sákà, èèyàn 524 ló wà nínú rẹ̀. Ìrù já lókè. Èèyàn mẹ́rin péré ló yè. Ní ọdún méje ṣáájú, bàálù náà ti fi ìrù gbálẹ̀ nígbà tó ń bà, wọ́n sì tún ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe, èyí tó ń sé afẹ́fẹ́ mọ́ inú. Páànù tó yẹ kó wà lódindi níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, wọ́n gé e sí méjì. Nítorí náà, níbi tó yẹ kí ìlà rivet méjì ti máa gbé ẹrù, ìlà kan ṣoṣo ló ń gbé e. Ó lé ní 12,000 ìgbà tó fò lẹ́yìn àtúnṣe yẹn. Bàbá ní, "Gbogbo rivet rẹ̀ ló pé o. Ẹni tó bá wò ó á ní iṣẹ́ ti dáa."

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, à ń so egungun inú ìrù pọ̀, ìyẹn irin gígùn tí gbogbo nǹkan yòókù rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì la máa fi awọ bò ó, kò sì sẹ́ni tó máa rí inú rẹ̀ mọ́. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ̀fọn ń jẹ mí lẹ́sẹ̀. Bàbá tẹ gun, irin yẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo wo ẹ̀yìn: orí rivet náà ti dojú bolẹ̀ sápá kan, ìdajì ihò hàn.

Bàbá wà níwájú, kò lè rí i. Ó bi mí, "Ó dáa?"

Mo ní, "Ó dáa, sà."

Ọ̀rọ̀ náà yọ bẹ́ẹ̀, kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Ohùn tí mo fi sọ "ìjì ni" ni mo fi sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ fúnra mi. A parí, mo kí i pé ó dàárọ̀, mo lọ sílé.

Mi ò sùn. Kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe bàálù ló dí mi lọ́wọ́ oorun. Bàálù yẹn lè má fò láéláé: owó apá nìkan jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, bó bá sì parí, NCAA ló máa sọ bóyá ó máa kúrò nílẹ̀. Ohun tí mo ń rí ni aṣọ ìfọ̀ tó wà nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Mo kan ilẹ̀kùn bàbá kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní irọ́ ni mo pa lánàá. Kò sọ̀rọ̀. Ó mú dígí kékeré, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó lọ síbẹ̀. Mo ti fi máákà sàmì sí i. Nígbà tí mo sì ti ń ṣe é, mo ti sàmì sí mẹ́rin mìíràn tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, kó lè mọ̀ pé mo ti yí padà.

Ó wo márààrún. Ó nu àmì mẹ́rin kúrò.

Mo ní, "Bàbá, èyí kò yípo dáadáa."

Ó ní, "Ó fẹ̀ tó? Ó ga tó? Fi wọ́n sílẹ̀. Ìgbà tí o bá lọ fi dírììlì yọ ọ́, o máa fẹ ihò lójú, ohun tí o bàjẹ́ á ju ohun tí o fẹ́ tún ṣe lọ. Kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn rẹ là ń kàn níbí." Ó nawọ́ sí ẹyọ kan tó kù. "Ìyẹn ni kí o yọ."

Ó jẹ́ kí n yọ ọ́ fúnra mi. Ẹ máa lu dírììlì sí àárín orí gan-an, kò gbọ́dọ̀ jìn ju orí lọ. Ẹ máa ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ibẹ̀, ẹ máa ṣẹ́ orí náà, kí ẹ wá dí ẹ̀yìn kí ẹ rọra gbá ìdí rẹ̀ jáde. Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn. Ihò náà fẹ̀, ó rí bí ẹyin. Bàbá mú rúlà. Rivet tó tóbi ju ìyẹn lọ, 5, jẹ́ nǹkan bí 4 mm. Ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí etí tó 8 mm. Ó wọ̀n ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó lé díẹ̀ ní 9. Ó mí kanlẹ̀, ó ní kí n mú rivet 5 wá. A lù ú. Ó bi mí bóyá ó dáa, mo ní kó wá wò ó fúnra rẹ̀, ó sì wá.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ wíńdò fún un. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ ti ọmọ yẹn, mo sọ ti èjìká rẹ̀, mo sọ bí mo ṣe kó rivet sápò. Mo rò pé ó máa bú mi, tàbí kó ní kí n lọ tọrọ àforíjì. Ó ń nu gun rẹ̀.

Ó ní, "Wíńdò mélòó lo fi rivet yẹn ṣe?"

Mo ní mi ò kà á.

Ó ní, "Lọ kà á."

Mo lọ tú ìwé iṣẹ́ wa. Páálí yẹn ló wà lọ́wọ́ wa fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kí á tó ra òmíràn. Ilé mẹ́rin. Wíńdò mẹ́tàdínlógún, àti èyí tó já.

Ọ̀gá kò fẹ́ gbọ́. Ó ní mo fẹ́ fi ẹnu ara wa ba iṣẹ́ wa jẹ́. Nígbà tó rí i pé mi ò ní gbà, ó ní owó mi ni màá fi ra rivet, ọjọ́ Àìkú ni màá sì lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ilé àkọ́kọ́, ìyàwó ilé fún mi ní gala àti omi tútù. Wíńdò márùn-ún. Lára méjì nínú wọn, mo fi ìka kan ṣoṣo yí rivet bí ẹni ń yí ìdérí ìgò. Ilé kejì, bàbá onílé dúró lẹ́nu géètì, ó ní, "Ṣé ẹ ti ná owó tẹ́lẹ̀ tán ni?" Mo ní ọ̀fẹ́ ni. Ìyẹn ló tún dá kún ìfura rẹ̀. Kò jẹ́ kí n wọlé títí di ìgbà kẹta tí mo lọ, nígbà tí mo mú rivet inú àpò mi fi hàn án.

Ilé kẹta ni ilé yẹn. Ìyá ọmọ náà ló ṣí géètì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mọ́mì, kì í ṣe ìjì." Mo tẹ́ àwọn rivet náà sílẹ̀ lórí ìtẹ́lẹ̀, mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé jù, bí mo ṣe ń ṣe níbí yìí. Ó wò wọ́n pẹ́. Ó bi mí bóyá irú rẹ̀ ṣì wà lókè. Mo ní ó wà lára mẹ́fà. Ó ní, "Kí lo wá ń dúró ṣe?"

Ọmọ náà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn ní gbogbo ìgbà tí mo wà lórí àkàbà. Ó ti ga. Kò sún mọ́ abẹ́ wíńdò. Nígbà tí mo lu ihò tán, bíìtì kan bọ́ lọ́wọ́ mi, ó já sílẹ̀. Mo rò pé ó máa bá mi mú un. Kò mú un. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo mú un, mo tún gòkè.

Ìrù bàálù bàbá ti parí. Ó fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wé e, ó fi okùn gbé e kọ́ ògiri pálọ̀, ẹni tó bá wọlé á kọ́kọ́ bẹ orí. Ìyá ẹlẹ́kọ ti gbà pé kì í ṣe pósí. Ọmọ bàbá ní òun ń wá ẹni tí apá ti sú.

Ó ku ilé kẹrin. Àwọn onílé ti kó lọ, olùtọ́jú ilé ní kí n wá ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, lẹ́yìn ìsìn. Wíńdò mẹ́rin ni, òkè ni gbogbo wọn. Mo ti ra rivet 4.8, onírin, mo ti fi rúlà wọ̀n ọ́ níwájú ẹni tó tà á, ó ń wò mí bí wèrè. Àkàbà ni mi ò tíì rí yá. Tí ẹ bá mọ ẹni tó ní èyí tó gùn nítòsí Ibafo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tag rẹ̀.